Ojú Ewé Tí Mo Fò

Nígbà tí ọkùnrin tó ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo tẹ bọ́tìnnì ọ̀kan kí n gbọ́ ọ, ohun kan wà tí etí mi ń retí tí kò dún: agogo kékeré tàípúráítà tó máa ń dún "tíín" bí ìlà bá ti fẹ́ẹ́ parí. Mo fẹ́ máa fi láptọ́ọ̀pù náà tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí iṣẹ́ gidi yóò fi yọjú. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ọkùnrin náà ní bátìrì rẹ̀ lágbára. Mo ní kó yọ wáyà iná, ó sì kú kí a tó kà dé ogún. Ó ní kò wọ́n, òótọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé:

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fo odindi ojú ewé, ẹ kàn máa padà lọ fi í sí àárín ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ó mọ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rí tàípúráítà, ẹ gbọ́. Ní 1991, Màámi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn á fa tàípúráítà kékeré tiwọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á tẹ́ tówẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn aládùúgbò, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ẹ̀sà-Òkè á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń kà á sí wọn létí. Àwọn a máa tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́. Mo máa ń fi ohùn bíṣọ́ọ̀bù ka ọ̀rọ̀ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń sáré, wọn á ní, "Kọ́mà ńkọ́?" Òórùn kábọ́ọ̀nù, bébà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, ṣì wà nímú mi.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni Bùọ̀dá Gbóyè, ọmọ Ìtagunmodi. Ó máa ń mú ọsàn wá fún mi, ó sì máa ń pè mí ní "sẹ́kítìrì". Ní ìrọ̀lẹ́ tí a ń parí iṣẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi níta. Mo ṣí ojú ewé méjì pọ̀. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é.

Màámi dáwọ́ dúró. "Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki ojú ewé náà bọ iná ìdáná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bùọ̀dá Gbóyè dé láìmú ọsàn lọ́wọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ti dá iṣẹ́ náà padà: ìṣirò tí gbogbo ìyókù dúró lé kò sí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹ̀dà ohun tó fi ọwọ́ kọ.

"Mà, mo kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́."

Màámi wò mí. Mo ní kò sí níbẹ̀.

"O ò gbọ́? Ọmọ mi kì í purọ́. Lọ wá a nílé rẹ."

Bùọ̀dá Gbóyè wo ojú mi. "Ẹ ṣé, mà," ló wí, ó sì lọ.

A gbọ́ pé kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún náà. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ojú ewé kan ṣoṣo ló fà á. Ìdí mìíràn lè wà. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, mo sì rí i pé nítorí ara mi ni mo ṣe ń wá ìdí mìíràn.

Láti Òkè-Fìà, mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, níbi tí Màámi fẹ̀yìn tì sí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ti láptọ́ọ̀pù, mo sì jẹ́wọ́ ti ojú ewé tí mo fò. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Ibo ni ọmọ náà wà báyìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nítorí ẹnu rẹ."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Agogo ti lọ, kábọ́ọ̀nù náà ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé ṣì gbọ́dọ̀ lè gba ẹni tó ń kà á fún un gbọ́.

"Ra láptọ́ọ̀pù náà," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ wá ọmọ náà ní Ìtagunmodi. Bó o bá padà dé, èmi ni n ó máa ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ."

Wọ́n gbé ẹ̀wà, wọ́n dìde. Wọn kò wò mí tí wọ́n fi ní:

"Mi ò ní fo ojú ewé kankan."