Ohùn Tó Ń Jẹ́ Láti Ikùn Òsì

Iṣẹ́ obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í hàn nínú fọ́tò. Tí ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun bá ti parí, tí àwọn tó gba ife bá ti ya àwòrán tán, bàálù ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà padà sí èbúté tó ti wá, òun sì ni ẹni yẹn. Amúbọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Yàrá méjì tó ń gbé wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ìgbòkun ṣe. Okùn tútù ló fi bo àga tó yẹ kí àlejò jókòó sí. Ó kó o kúrò, ó da tíì fún mi, ó ní kí n yára béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè torí iṣẹ́ ń dúró de òun. Mo ti gbọ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú òkun lọ́jọ́ kan lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn kí n tó dé ibẹ̀, mi ò sì gba ìkankan gbọ́.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Amúbọ̀ ló di ìtọ́kọ̀ mú lẹ́yìn. Àwọn méjì yòókù jẹ́ ara àwọn tó díje, tí wọ́n ní àwọn á bá a wà á wálé: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà, àti ọ̀rẹ́ àbúrò yìí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀dà, torí kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Ọkọ̀ oníkùn méjì ni. Ikùn méjèèjì rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jìnnà síra, àwọ̀n ni wọ́n ta sáàárín wọn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn lẹ́yìn, inú wọn sì ń dùn.

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá bi yín nílé, ẹ ní èmi ni mo gba ife," Ẹ̀dà sọ, ohùn olórí ikọ̀ wọn ló sì fi sọ ọ́.

"Ìwọ tó ń bì látìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dópin?" ni àbúrò fèsì. "Ike tó o bì sí ló yẹ kí wọ́n fún ọ."

Ọ̀sán ni kùrukùru dé. Kò pẹ́ tí Amúbọ̀ ò fi rí ohunkóhun kọjá òpó ọkọ̀. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ lọ jókòó síwájú ikùn òsì, kí Ẹ̀dà lọ sí ti ọ̀tún, kí wọ́n máa ṣọ́ ọkọ̀ ńlá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á máa pè, àwọn yòókù á máa jẹ́.

"Òsì?"

"Mo wà."

"Ọ̀tún?"

"Mo wà."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá ni ìtọ́kọ̀ yí padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ ìdíje fúyẹ́," ó ṣàlàyé fún mi. "Tí èèyàn bá jókòó sí ikùn kan, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ ọ́n. Mo pe òsì, òsì jẹ́. Àmọ́ ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé kò séèyàn níbẹ̀."

Ó tún pè. Ohùn àbúrò rẹ̀ tún jẹ́, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?" ó bi í.

"Mo wà."

"Mo ní kí lò ń ṣe?"

"Mo wà."

Ó rán Ẹ̀dà gba orí àwọ̀n lọ wò ó. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dáwọ́ dúró. Ó pe òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn àbúrò rẹ̀ sì dáhùn pé òun wà. Nígbà tí Ẹ̀dà padà dé, okùn tó yẹ kó so àbúrò mọ́ ọkọ̀ ló kó dání.

"Ọ̀gá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ta ló wá dá mi lóhùn?"

"Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló ti wá."

Okùn yẹn ò já. Ṣe ni àbúrò tú u fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ń díje, wọn kì í so ó, torí ó máa ń há síbi àwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́ sáré kọjá. Ìdíje ti parí, àmọ́ ara wọn ò tíì gbà pé ó ti parí.

Amúbọ̀ ní àwọn máa yí padà. Ẹ̀dà ní fèrè ọkọ̀ ńlá kan ń dún lẹ́yìn, inú ẹnu rẹ̀ làwọn máa wọ̀ lọ tààrà. Amúbọ̀ yí ìtọ́kọ̀. Fèrè náà dún lókè orí wọn, ìgbì gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wọn ò rí ọkọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ẹ̀dà ká ìgbòkun, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lanu. Òun náà ò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fetí sílẹ̀, títí wọ́n fi gbọ́ ọwọ́ tó ń gbá omi.

Wọ́n fa àbúrò wọnú ọkọ̀, tòun tẹ̀mí.

Ẹ̀dà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo lọ bá a níbi tó ti ń kun ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun àti àbúrò máa ń jẹ́ ìpè fún ara wọn nígbà ìgbáradì, tí ọ̀kan bá yọ́ lọ sùn.

"Ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Rárá."

"Tó o bá rò pé ó ń sùn ńkọ́?"

"Akọ̀ròyìn, tó bá jẹ́ èmi ni, ìwọ kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Amúbọ̀ ò lé Ẹ̀dà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. "Tí mo bá lé e, mo ti sọ pé òun ni. Tí mi ò bá sì lé e, mo ti sọ pé nǹkan mìíràn ni," ó sọ fún mi. Wọ́n ṣì jọ ń wakọ̀, àmọ́ okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa ara wọn lọ́wọ́ báyìí tí kùrukùru bá dé. Ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù táyà ni mo ti bá àbúrò. Kò padà sójú omi mọ́.

"Mo ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí," ó ní. "Mo fẹ́ dáhùn, omi kún ẹnu mi. Ni mo bá gbọ́ tí mo dáhùn látinú ọkọ̀. Ohùn tèmi gan-an. Wọn ò ní wá mi, torí mo wà lọ́dọ̀ wọn."

Mo ní ó ní láti jẹ́ Ẹ̀dà, pé etí kì í mọ ibi tí ohùn ti ń wá nínú kùrukùru.

"Mo máa fẹ́ kó jẹ́ òun," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́. Ó rọra gbé táyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ síbẹ̀, ó sì dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹnu ń dùn ọ́ ni?" mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ojoojúmọ́ lo máa ń ṣe mí báyìí."