Ẹ̀jẹ̀ Bọ́nà Lójú Ọ̀nà Parakú

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo kúrò ní Ṣakí. Àbúrò mi Sidikátù bímọ ní àdúgbò Albarika ní Parakú, ìsọmọlórúkọ ni mo ń lọ. Títí a fi dé bodè, àwa àti kòtò la jọ ń jìjàkadì. Ní òdìkejì, mo wọ tasí awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Aláàsàn, a sì gba Níkì kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti ra wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní wọn. Ó le ju tiwa lọ, ó sì ṣeé jẹ lọ́nà. Inú mi dùn.

A kò tíì rìn jìnnà tí ìyá àgbà kan fi bọ́ sáàárín títì, ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé obìnrin kan sórí ọ̀kadà bí ẹni gbé àpò. Bọ́nà ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ ìyá àgbà náà ni. Ó bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá.

Aláàsàn wo àga ọkọ̀ rẹ̀. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yìí..."

"Gbé e! Ìró mi ni n ó tẹ́ sórí àga."

Ó gbé e. Ìyá àgbà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ni mo bá bi í bóyá kò sí ilé ìwòsàn lábúlé wọn.

"Ó wà. Nọ́ọ̀sì náà wà. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ló ti bàjẹ́. Inú òtútù ló yẹ kó wà, firíìjì wọn sì ti kú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba títí." Ó mí kanlẹ̀. "Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ìyá, ẹ má bínú, ṣé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má tún firíìjì ṣe?"

Ó tún ìkókó náà gbé mọ́ àyà. Ọwọ́ Bọ́nà wà nínú tèmi, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Bọ́nà sọ ohun kan ní èdè Bàrìbá. Aláàsàn túmọ̀ rẹ̀ láìwẹ̀yìn: "Ó ní ṣé ọmọ ti mu ọmú?"

Mo ní ó ti mu. Irọ́ ni mo pa.

Kí a tó wọ Parakú, Bọ́nà ti kú. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí kan sáré jáde, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó sì rọra bò ó lójú. "Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo," ló wí. "Ká ní wọ́n rí i gún un níbẹ̀!"

Bí mo ṣe wọlé Sidikátù tòun tẹ̀jẹ̀ láṣọ, ó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ òun náà kọ̀ tí kò dá nígbà tí òun bímọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó sì dá. Ohun tí ará ìlú rí gbà tí ará oko kò rí, òun la wá ń pè ní kádàrá! Oyin tí wọ́n fi súre fún ọmọ, kíkorò ló korò lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo padà dé Ṣakí, n kò tíì tú ẹrù tí mo fi kó aládùúgbò mi obìnrin mẹ́ta sẹ́yìn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa. Mo ní kí ọ̀gá ibẹ̀ fi ibi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ hàn wá, kí a lè mọ̀ bóyá firíìjì wọn ń ṣiṣẹ́.

Ó fajú ro. "Ìyá, ta ló rán yín wá?"

"Ìkókó kan tí kò ní ìyá mọ́."

A fìdí kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó wò wá títí, ó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́.