Àpáta Tí Àṣíáwù Rí Lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn

Àṣíáwù kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sójú kan. Ogún ọdún gbáko ló fi ń ra ánkàrá láti Kútọnù wá sí Ọjà-Ọ̀dàn, kò sì sí ọ̀nà àbùjá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí ìjọba wá ti bọ́dà pa, ilé sú u. Ilẹ̀ tó gbá láàárọ̀, á tún un gbá lọ́sàn-án.

"Ìyá Lábísí, jẹ́ kí ilẹ̀ yìí sinmi," ni Àúdù ọkọ rẹ̀, ọlọ́kadà, sọ fún un.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, iná sì ti jó gbogbo igbó. Àṣíáwù pọn omi sínú ike, ó kọrí sí oko bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti pa tì. Ó ní igi ìdáná lòun ń wá, ṣùgbọ́n ìrìn gan-an ló ń wù ú. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun òkè kan, ó sì bá àpáta pẹrẹsẹ kan tí iná oko ti tú sí gbangba. Ihò mẹ́sàn-án wà lójú rẹ̀, wọ́n ń dán bí inú abọ́. Ẹnì kan tún ti gbẹ́ àwòrán aláǹgbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Àṣíáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìlaròó. Kò pẹ́ tí Àúdù fi gbé olùkọ́ Pólì kan wá, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Olúwafikáyọ̀mi. Níbi tí ọ̀nà ọ̀kadà ti parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ rìn gun òkè.

Olùkọ́ wọn àwọn ihò náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Màmá, ó jọ pé ojúbọ ni. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹran ni wọ́n ń dà síbẹ̀."

Àṣíáwù kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀ sídìí ihò kan, ó mú òkúta roboto kan nílẹ̀, ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Ó bá ihò náà mu rẹ́gí.

"Tíṣà, kúnlẹ̀ sídìí ìyẹn."

Olùkọ́ kúnlẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

"Ṣé o rí i? Ọlọ ni. Àwọn obìnrin kọjú síra wọn, wọ́n ń lọ nǹkan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn."

"Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ wa!" ni Àúdù ké láti abẹ́ igi.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Olúwafikáyọ̀mi fa ìlà lé "ojúbọ" lórí, ó kọ "ọlọ" sí i. Àṣíáwù tún ṣàlàyé pé ṣúkù àgbàdo ni wọ́n yí láti fi ṣe ọnà tó wà lára àwọn àpáàdì tó fọ́n káàkiri ibẹ̀; ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìlobì máa ń mọ ìkòkò. Àṣíáwù fẹ́ di àpáàdì kan mọ́ etí ìró rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, tí a bá gbé e kúrò, a ò ní mọ ibi tó wà àti àwọn ohun tó ń bá gbé mọ́." Ó yé Àṣíáwù. Ó dá a padà.

Láti ìgbà náà, Àṣíáwù ló ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun òkè ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí bọ́dà ṣí, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi Sátidé tọrẹ fún Kútọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó mọ ọjọ́ orí àpáta náà.

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó jù mí lọ," ló fèsì. "Ẹ ti kí i?"

Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àpáta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.