Iṣu Tí Baba Mi Gbé Lọ Sétí Òkun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì kọjá ibi tí ìyá mi ń gbé ìkòkò kà, òpin ọ̀sẹ̀ méjì kì í tẹ̀ léra kí ìdílé wa má kúrò ní Peckham tí à ń gbé nílùú òyìnbó lọ síbì kan. Ẹ má tíì sọ pé ayé la ń jẹ o. Àwọn òbí mi kì í rìnrìn àjò láìní ẹni tí wọ́n ń lọ bá. Ẹnì kan bímọ ní Birmingham, a ó lọ kí i. Ẹsẹ̀ ń dun àbúrò baba mi ní Leicester, a ó lọ kí i. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé sí Manchester, a ó lọ gbọ́ ìròyìn ilé lẹ́nu rẹ̀. Baba mi á gba Elephant and Castle jáde, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin á wà lẹ́yìn ọkọ̀, kúlà ìrẹsì á wà láàárín wa. Bí a bá débẹ̀, èmi á kúnlẹ̀, àbúrò mi á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní a mà ti dàgbà o, a ó sì jókòó. Ìjókòó yẹn ni gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ a ó padà sílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a kì í gbà. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí Old Kent Road, ibẹ̀ ni mo sì máa ń dúró sí láàárọ̀ Sátidé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí màá máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ. Wọ́n á di àga mọ́ orí ọkọ̀, àwọn ọmọdé á na garawa pupa jáde lójú fèrèsé. Níbo làwọn wọ̀nyí ń lọ? Ta ni wọ́n fẹ́ lọ kí, tó jẹ́ pé garawa òfìfo ni wọ́n ń gbé lọ fún un? Ọ̀rọ̀ náà ń jà nínú mi. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní etí òkun ni. Mo ní ta ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní wọn ò mọ ẹnì kankan. Ẹnu yà mí. Mo tún bi wọ́n pé kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyá mi ní, "Omi ni wọ́n ń wò. Lọ gbálẹ̀."

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ náà wá di èyí tí mi ò lè gbé mì mọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tíṣà wa a máa ní kí kálukú dìde sọ ohun tó ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo dìde, mo ní a lọ sí Leicester. Tíṣà ní kí ni a ṣe níbẹ̀. Mo ní a jókòó. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo ní a tún jẹun, a tún wá jókòó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tó jókòó tì mí ti lọ sétí òkun, ó mú ìkarahun wá, gbogbo wọn ló ń gbé e sétí láti gbọ́ ìró òkun. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé yìí: kí a lọ síbi tí a kò ti mọ ẹnì kankan, kí a má kí ẹnikẹ́ni, kí èmi náà lè mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Mo bẹ baba mi títí. Baba mi kì í ṣe ẹni tó le, àmọ́ ohun tí kò bá yé wọn, wọn kì í ṣe é. Wọ́n ní, "Ibi tí kò ti sí ẹni tó máa sọ pé 'ẹ káàbọ̀' fún wa, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Daddy, nothing. A kàn máa wà níbẹ̀."

Wọ́n wo ìyá mi, ìyá mi wo òrùlé. Níkẹyìn wọ́n ní ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí a bá lọ tí kò sì dáa, n ò gbọdọ̀ dárúkọ etí òkun mọ́ nínú ilé yẹn títí màá fi lọ sílé ọkọ. Mo gbà. Ẹ ẹ̀ rí i pé gbogbo ọjọ́ ayé mi ló wà lọ́rùn Sátidé kan ṣoṣo yẹn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín adìyẹ. Baba mi wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń lọ kí àna, wọ́n dé fìlà. Mo ń wò wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá ṣí bùùtù ọkọ̀ ni mo rí i: iṣu kan, ó gùn, ó sanra, wọ́n fi ìwé ìròyìn dì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, iṣu ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọsẹ̀ lára lọ́jà Rye Lane bíi tòní. Ẹni tó bá rí èyí tó dáa rà a máa sọ fún ará ilé kejì ni.

"Daddy, ta lẹ fẹ́ fún ní iṣu?"

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀ tí màá fún?"

"So kí ló dé tí ẹ gbé e?"

Wọ́n pa bùùtù dé. "Iṣu kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè lọ́nà. Jẹ́ kó tẹ̀ lé wa."

Bí a ṣe gba Old Kent Road nìyẹn, a já sí New Cross, àwọn ilé ń dínkù, igi ń pọ̀ sí i. Ojú ọ̀nà tí mo ti ń wò láti fèrèsé ni mo wà lórí rẹ̀ yìí. Mo ń yọjú sáwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti mọ̀ bóyá àwọn náà gbé nǹkan fún ẹnì kan. Garawa ni mo ń rí.

A dé etí òkun. Baba mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n wá dúró. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Mi ò rí baba mi bẹ́ẹ̀ rí: àgbàlagbà tó múra tán, tí kò wá mọ ẹni tó fẹ́ wúre fún. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, "Good morning, good morning," àwọn kan dáhùn, àwọn kan yára ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní, "Ó ti tó. A ti rí i." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá mi ló gbà mí, wọ́n ní ìrẹsì tí àwọn jí sè, àwọn ò ní gbé e padà sí Peckham.

Ẹ wá wo ìgbádùn. Èmi àti àbúrò mi wọ inú omi, omi náà tutù débi pé eyín wa ń pariwo. A gbẹ́ iyanrìn, òkun wá dí i, a tún gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní òun ló pọ̀n mí ní kékeré. Mo dúró, omi dé orúnkún mi, mo ń wo ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, mo ń ronú pé ó ní láti jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa ń wá wò nìyí, àmọ́ kí gan-an ni? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí ìrun àílà tó, baba mi fi omi òkun ṣe àlùwàlá. Sẹ́yìn iyanrìn, àwọn ilé onípákó kéékèèké kan tò síbẹ̀, tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó sí wo omi. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni a tẹ́ ẹní sí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni òjò dé, òjò ìlú òyìnbó tí kì í kìlọ̀. Ibi tí a ti ń ká ẹní pẹ̀lú ìkánjú ni ìyá arúgbó òyìnbó kan ti ṣí ilẹ̀kùn ilé onípákó wọn, wọ́n ń juwọ́.

"Come in, all of you, come in! You're welcome!"

Baba mi yíjú sí mi. Ojú wọn ti là, ó ń dán. "O gbọ́? Wọ́n ní ẹ káàbọ̀."

Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Inú ilé náà kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. A há síbẹ̀, a ń mu tíì. Ẹ ò ní mọ̀ pé baba mi yìí kan náà ni kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe láàárọ̀. Wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ẹsẹ̀. Wọ́n béèrè ọkọ, màmá náà ní ó ti kú. Wọ́n béèrè ọmọ, màmá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, Australia ló ń gbé, ó máa ń kọ lẹ́tà nígbà Kérésì. Baba mi gbé ife tíì kalẹ̀. Wọ́n wá dìde, wọ́n jáde sínú òjò láìsọ nǹkan kan. Èmi nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu náà fún màmá. Màmá tú ìwé ìròyìn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Oh, how kind," wọ́n ní, "firewood!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín níta. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ojúmọ́ ni wọ́n ń tọ́jú wa, ẹ̀rín wọn kì í kọjá eyín méjì. Ọjọ́ yẹn wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, màmá náà bá wọn rẹ́rìn-ín láìtíì mọ ohun tó fa ẹ̀rín. Ìyá mi wá gba ọ̀bẹ, wọ́n bẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sè é lórí sítóòfù kékeré tí màmá fi ń se tíì. Òjò ń lu òrùlé, èéfín omi gbígbóná bo fèrèsé, a ò rí òkun mọ́. Màmá fi bọ́tà sí tiwọn. Wọ́n ní ó dà bíi pọ̀tétò olówó.

Nígbà tí à ń padà, baba mi ń kọrin jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Ìlú yẹn dáa. A gbọ́dọ̀ tún wá kí màmá yẹn kí òtútù tó dé."

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi rò pé inú ló ń run mí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ibì kan ṣoṣo láyé tí a kò ti mọ ẹnì kankan, a ti sọ ọ́ di Leicester.

Ní Mọ́ńdè, tíṣà ní kí n dìde. Mo ní a jẹ iṣu nínú ilé onípákó létí òkun, òjò ń rọ̀, ìyá òyìnbó kan rò pé igi ìdáná ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ tó ni ìkarahun bi mí báwo ni iṣu ṣe rí lẹ́nu.

Ọdọọdún la sì ń lọ. Màmá ra ife sí i nítorí wa. Ọdún kan, a dé, a bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n ti kun ilé náà ní àwọ̀ mìíràn. Ọkùnrin tó wà ní ilé kejì ló sọ fún wa pé màmá ti kú nígbà òtútù. Baba mi padà sídìí ọkọ̀, wọ́n ṣí bùùtù. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé iṣu fún ọkùnrin náà, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, bí wọ́n ṣe ń sè é nìyí.

Ẹ̀yin tòní, ẹ̀yin lẹ layé. Ẹ ó lọ sí Spain lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú báàgì tí kò gba fìlà baba mi, ẹ ó dé lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá bi yín pé ta lẹ kí níbẹ̀, ẹ ó máa wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò sí. Mi ò bá yín jà. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́ irú ẹ̀. Oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kàwé ní New Cross, gbé mi lọ sí etí òkun fún òru méjì. Ó ti fi fóònù gba ilé sílẹ̀. A débẹ̀, kò sẹ́nì kan. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí kékeré lára ògiri, ó tẹ nọ́ńbà, ilẹ̀kùn ṣí. Ilé náà mọ́, bẹ́ẹ̀dì rọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ilẹ̀, mo rí i pé wọ́n kọ "Welcome" sára ẹní ìnusẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mi níbi tí mo ti ń wọ bàtà, tí mo gbé báàgì mi lọ́wọ́.

"Grandma, níbo lẹ̀ ń lọ? Kí ló wà nínú báàgì yín?"

Mo ní iṣu ni, ilé kejì ni mo ń lọ.

"Iṣu? Grandma, ẹ jọ̀ọ́, allow it, ẹ fi í sílẹ̀! A ò mọ anybody níbí!"

Mo ní, "Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn."