Àdúrà Tí Kò Ní Láísẹ́ǹsì

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ba ẹ̀yìn ìyàwó mi jẹ́. Ọdún pípẹ́ ló fi ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìtọ́jú kan ní Sydenham, nílùú Òyìnbó níbí, títí ó fi di pé bí òun fúnra rẹ̀ bá jókòó, èmi ni mo máa ń fà á dìde. Nígbà tó ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọjà abẹ́ òrùlé nítòsí Rye Lane, inú mi dùn. Àfìgbà tó sọ ohun tó fẹ́ máa tà níbẹ̀. Òróró CBD.

"Igbó lo fẹ́ máa tà?" Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa kan ògiri. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ẹbí igbó ni ewé tí wọ́n fi ń ṣe é lóòótọ́, tí àwọn èèyàn ń lá nítorí ara ríro, àmọ́ wọ́n ti yọ ohun tó ń mú orí yí kúrò nínú òróró yẹn. Ìjọba fàyè gbà á, bí èèyàn bá ti lè pa òfin mọ́. Òfin ọ̀hún ló wá pọ̀. Kìkì èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba lo lè tà. Bí ohun tó ń mú orí yí bá fi lè ju bó ṣe yẹ nínú rẹ̀, láísẹ́ǹsì oògùn olóró ló ń fẹ́. Bí o bá sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé ó ń wo àìsàn kan sàn, ó ti di oògùn nìyẹn, o ní láti gba láísẹ́ǹsì oògùn, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń gbà. Ìyàwó mi kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ju bí èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì ṣe mọ Old Kent Road lọ.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù náà. Àárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti obìnrin tó ń kun èékánná ló wà. Àga gíga kan wà lẹ́yìn káńtà, ó sì ń jókòó. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe tù mí lára tó. Àwọn kan ní mọ́sáláṣí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó mi ti di oníṣòwò igbó. Mo ní kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti di okùn bàtà.

Ìwà ọmọlúàbí ló kó bá wa. Bí ẹni tí ara ń ni bá wá rajà lọ́wọ́ wa, kí la máa ń sọ? Ta ni yóò gbé nǹkan fún aláìsàn tí yóò pa ẹnu mọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó yè? Ìyàwó mi á na ìgò sí ọ, á ní, á sàn, in shā Allāh. Á sọ ọ́ ní Yorùbá fún ọmọ Yorùbá, á sọ ọ́ lédè Òyìnbó fún àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan láti káńsù, tó ń mójú tó ọjà títà, gbọ́ ọ bó ti ń wí bẹ́ẹ̀. Kò le koko mọ́ ọn. Ó ní ohun tó sọ yẹn, ìlérí ìwòsàn ni, kò sì ní láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ìyàwó mi ní àdúrà ni, kì í ṣe ìpolówó ọjà. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń rà á yóò ṣe mọ̀? Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá kó ọjà náà.

Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Bí a bá jẹun tán nílé, màá ṣe bí oníbàárà, màá di orúnkún mú, màá máa tiro yí tábìlì ká, màá bi í bóyá òróró rẹ̀ á wo ẹsẹ̀ mi. Á dáhùn bó ṣe yẹ, pé kí n lọ bi dókítà, ojú rẹ̀ á le bíi ti ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ̀yìn sí i báyìí, á ní Ọlọ́run á fún mi lálàáfíà. Inú á bí mi. Mo bi í bóyá Sydenham ló wù ú láti padà sí.

"Daddy," ó ní, "bí mo bá dákẹ́, ṣé kì í ṣe èpè ni mo fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé aláìsàn yẹn?"

Mo ní kó ṣáà máa kọ́ ọ.

Ó gbìyànjú o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ìyá òyìnbó arúgbó kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè ṣí pọ́ọ̀sì. Ó ń bèèrè bóyá òróró náà á wo ọwọ́ òun. Ìyàwó mi ní kó bi dókítà. Ìyá náà ní dókítà òun ti ní àìsàn náà kò ní lọ mọ́, omi sì lé sí i lójú. Mo mi orí sí ìyàwó mi láti ẹnu ọ̀nà, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó di ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú, ó sọ fún un pé yóò sàn, pé kó má sunkún mọ́.

Ìyá náà gbà á gbọ́. Ó lọ sílé, ó pa oògùn dókítà tì, òróró wa ló ń lá. Kò pẹ́ tó fi ṣubú nínú bálùwẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló lọ fẹjọ́ wa sùn ní káńsù. Mo fẹ́ bínú sí ọmọ náà, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe gbìyànjú tó, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tèmi, màá fọ́ ilé onítọ̀hún.

Wọ́n kó ọjà wa lọ. Ẹni tó ni ọjà abẹ́ òrùlé náà ní òun kò fẹ́ wàhálà ìjọba, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Ìyàwó mi bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi jẹ́ kó rí ìyá náà ní ọsibítù. Kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi rí, àmọ́ láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kó ní á sàn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó yá, ó padà sí Sydenham, ó tún ń gbé arúgbó dìde, èmi náà tún ń fà á dìde. Ó dùn mí wọra. Mo ń bínú sí káńsù, mo ń bínú sí i, n kò tilẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin wa, tí a bí sí Peckham níbí, lóyún àkọ́kọ́. Ó pè wá láti ọsibítù pé àwọn dókítà rí nǹkan kan lára ọkàn ọmọ inú òun. Ó ń sunkún, Yorùbá rẹ̀ tí kò já geere tẹ́lẹ̀ wá dàrú pátápátá.

"Mummy, ẹ sọ fún mi pé ó máa dáa. Please, ẹ ṣáà sọ ọ́."

Ìyàwó mi la ẹnu. Ohùn kankan kò jáde. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní á dáa, ọmọ mi, á dáa láṣẹ Ọlọ́run. Mo pariwo rẹ̀ ni. Ọmọ mi gbọ́ mi tán.

"Ẹ ṣé, Daddy," ó ní. "Ṣùgbọ́n Mummy ni mo fẹ́ kó sọ ọ́."

Mo dá fóònù padà fún ìyàwó mi. Ó gbé e sétí, ó di í mú pẹ́, kò sì sọ ọ́.