Kókó Tó Ń Ránṣẹ́ Pe Ẹ̀jẹ̀

Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ nílé ìwòsàn: gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú yàrá ni kí o túmọ̀. Mi ò mọ bó ṣe le tó títí mo fi pàdé Alhaji Làmídì, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé lọ́dọ̀ Kàmọ́rù ọmọ wọn ní Skokie lókè òkun. Kókó wà nínú ọpọlọ wọn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ó tún ti hù, ọwọ́ òsì wọn ò sì ṣeé gbé mọ́.

Dókítà fẹ́ fún wọn ní oògùn kan, ó wá ṣàlàyé èròjà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù, àti ibi tó ń so mọ́ lára iṣan. Mo wá Yorùbá rẹ̀ tì, mo bá ní:

"Bàbá, kókó yìí ń ránṣẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó wá hù yí òun ká, kí òun lè rí oúnjẹ jẹ. Iṣan ní ohun tó dà bí etí tó fi ń gbọ́ ọ. Àmọ́ iṣan tí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe máa ń jò. Èyí tó ń jò yẹn ló mú ọpọlọ yín wú, tí ọwọ́ fi rọ. Oògùn yìí á mú ìránṣẹ́ náà lójú ọ̀nà."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló wá ń mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sì kí mi."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Dókítà ní ó dun òun. Ó wá fi kún un pé ọwọ́ lè padà, ṣùgbọ́n oògùn náà ò ní pa kókó.

Kàmọ́rù sáré dá sí i. "Sister, please, don't tell Daddy that part."

Mo kọjú sí Alhaji. "Dókítà ní ọwọ́ yín lè padà, àmọ́ kókó ò ní kú. Ọmọ yín ní kí n má sọ ìyẹn fún yín."

Kàmọ́rù wò mí bí ẹni wo olè.

"Ṣé orí tìẹ ló wà ni?" Alhaji bi í.

"Rárá, sà."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi." Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ ọmọ wọn mú. Kàmọ́rù bú sẹ́kún. Alhaji wá kọjú sí mi. "Bi dókítà: tí ọwọ́ yìí bá padà, ṣé mo lè wọ ọkọ̀ òfurufú?"

Ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀, débi pé wọ́n ń dá ṣe àlùwàlá. Kàmọ́rù mú wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni wọ́n kú sí.

Nígbà tí Kàmọ́rù dé, ó wá mi wá síbi iṣẹ́.

"Sister, ká ní wọn ò mọ̀ ni, Skokie ni wọn ì bá kú sí."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, kò lè sọ ọ́. Mo dúró tì í. Ìyẹn ò gba ògbufọ̀.