Ìwádìí Ìyàwó Nítorí Iṣẹ́ Búrẹ́dì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kìlọ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkìrun pé kí àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ má ṣe fi orúkọ ìyá wọn, nọ́ńbà báńkì wọn tàbí irú ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹni tí kò tíì sọ irú iṣẹ́ tó fẹ́ gbà wọ́n sí. Àyà mi já, nítorí ọmọbìnrin mi àgbà ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí n tó délé ni mo ti pè é. Ó ní òun kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, pé ìbẹ̀rù mi ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Inísà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parí ilé ìwé girama, ó sì ń wá iṣẹ́. Obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Òkukù ń wá ẹni tí yóò máa po ìyẹ̀fun, tí yóò sì máa dúró ti ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ayọ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tó padà délé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó ní obìnrin náà kò bi òun bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun. Ohun tó bi òun ni ìyàwó kelòó ni ìyá wa, ohun tó pa bàbá bàbá wa, àti bóyá wèrè tàbí wárápá wà nínú ìdílé wa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àbíkẹ́yìn ilé wa, ọkùnrin, ní wárápá. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn gbà pé itọ́ ẹnu ẹni tó ní in lè ran ẹlòmíràn. Wọn kì í bá a jẹun nínú àwo kan náà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pò? Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé òun fúnra òun kò ní in, kò sì sọ ti àbúrò wa. Obìnrin náà ní kó máa lọ, òun yóò ránṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni oníbúrẹ́dì náà rán wá. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti í ṣe ìwádìí kí a tó fẹ́ ìyàwó: a kì í lọ sílé ọmọ náà, ilé aládùúgbò là ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Ó wá sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó kúnlẹ̀, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó ra ẹ̀kọ tí kò fẹ́ jẹ, kó tó rọra sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló mú òun wá. Mò ń bá ìyá náà nu ewé ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ojú ìyá ẹlẹ́kọ tàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà ọkọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó yin ìwà rẹ̀, ó yin ìmọ́tótó rẹ̀, ó ní bí ẹ bá rí i tí ilẹ̀ mọ́ bá a lórí ẹní, ara rẹ̀ ni kò yá.

Àlejò náà wá béèrè àìsàn ìdílé. Mo mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́kọ kì í parọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó gbà pé ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ fún àna ti da ilé méjì rú. Ó mí kanlẹ̀, ó fi ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí n tó dáhùn," ó ní, "ọmọ ta ni ọkọ?"

"Kò sí ọkọ, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi ti ń múra ìdáná. Ṣé búrẹ́dì yín máa bímọ fún un ni, tí ẹ fi ń wádìí ìdílé?"

Àlejò náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní ìbẹ̀rù ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tó ní wárápá ti ṣubú sẹ́nu ààrò rí, ẹ̀gbọ́n òun náà ló sì gbé e dé ọsibítù.

"Ìyẹn dáa," ni Ìyá wí. "Kó bi ọmọ náà bóyá òun fúnra rẹ̀ ń ṣubú, kó sì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Èyí tó kù, ilé wọn ló ni ín. Ẹ gbé ìyẹ̀fun lé e lọ́wọ́, kí ẹ wò ó." Ó wá fi ẹ̀kọ kan ṣe èènì fún un.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹ̀fun ni obìnrin náà gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pò ó tán, obìnrin náà sọ ti òṣìṣẹ́ tó ṣubú fún un, ó sì bi í bóyá ó ní àìsàn kankan tí iná lè fi ṣe é ní jàǹbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, obìnrin náà sì gbà á síṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó béèrè ẹni tí òun yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ ni, nígbà tó sì yá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ àbúrò wa. Obìnrin náà kàn béèrè oògùn tó ń lò ni. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì gbígbóná ti ń tọ àbúrò wa wá láti Òkukù.

Ayé ti yí padà. Olùwádìí òde òní kì í kúnlẹ̀, kì í sì í ra ẹ̀kọ. Inú fóònù ló wà, ọ̀rọ̀ ilé ẹni sì ń lọ síbi tí a kò mọ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi ní ilé iṣẹ́ kan béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun lóyún, òun sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní kó fo ìbéèrè náà. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀ níbí ní Ìkìrun, ìyẹ̀fun ló sì kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú ẹni tó bá wá iṣẹ́ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń gba ènìyàn síṣẹ́, ohun tó bá kan iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọn kò bá sọ ìdí, ẹ má dáhùn.